Màlúù Delft méjì lórí àtẹ gbàǹjo: ibo ni kí n wò kí n tó dá owó lé e?

Màmá Almere
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kí n má baà tún ṣe àṣìṣe. Ilé gbàǹjo kan ní Amsterdam fẹ́ ta màlúù amọ̀ méjì tí wọ́n ṣe ní Delft, ìlú amọ̀kòkò kan ní ilẹ̀ Netherlands níbí. Wọ́n ní láàárín ọdún 1760 sí 1780 ni wọ́n ṣe wọ́n. Méjèèjì dúró lórí ìdí aláwọ̀ ewé, ìyẹn pèpéle kékeré abẹ́ ẹsẹ̀ wọn, òdòdó aláràbarà yí wọn lára, wọn ò sì ga ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. €800 sí €1,200 ni iye tí wọ́n fojú bù. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n kọ nípa ipò tó wà: "enkele schilfers, horens gerestaureerd", ìyẹn ni pé ara rẹ̀ bó díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ti tún ìwo ṣe.

Ìdí tí ọkàn mi ò fi balẹ̀ rèé. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo ra àwo bọ́tà kan tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ adìyẹ tó sàba. Orí ayélujára ni mo ti rà á, n kò lọ fojú rí i. Ilé gbàǹjo náà, tí n kò ní dárúkọ, kọ ọ́ pé ó wà "ní ipò tó dára fún ọjọ́ orí rẹ̀". Ìgbà tí mo gbé e délé, tí mo fi aṣọ tútù nù ún, ọ̀dà ọrùn adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bá aṣọ wá. Látọrùn dé orí, POP ni! €450 ni mo san. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà, kì í sì í ṣe torí owó nìkan. Mo ti fẹ́ràn adìyẹ náà.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó bá fẹ́ wo ọjà. Mo ti gbàyè níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi. Kí ni kí n mú dání, kí sì ni kí n wò?

Bàbá Gbàǹjo
Màmá Almere, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Rotterdam ni mo wà, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti ń jókòó síwájú àwọn onígbàǹjo. Mo mọ gbólóhùn tí wọ́n fi ta adìyẹ yẹn fún yín. Kò sọ nǹkan kan nípa adìyẹ.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èdè wọn. Schilfer ni ibi tí èèpo dídán ti bó kúrò lára amọ̀, pàápàá létí àti ní igun. Haarlijn ni ìlà sísán tó tín-ín-rín bí irun orí. Gerestaureerd ni pé wọ́n ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà sọ bí àtúnṣe náà ṣe gbòòrò tó. "Horens gerestaureerd" lè jẹ́ ṣóńṣó ìwo kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ ìwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú iwájú orí. Ẹ ka òfin tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn kátálọ́ọ̀gì: bí ọjà ṣe wà ni wọ́n ṣe ń tà á, àbùkù tí wọn ò bá sì kọ, kò túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀.

Ẹ má dúró de Ọjọ́bọ̀. Lónìí yìí, ẹ kọ ímeèlì sí wọn pé ẹ fẹ́ ìròyìn kíkún. Ẹ má béèrè pé "ṣé ó dára?" torí wọ́n á ní ó dára. Ẹ̀yà ara ni kí ẹ máa kà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwo, etí, ìrù, ẹsẹ̀ iwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìdí, ibi tí ẹsẹ̀ ti wọnú ìdí. Èwo ni ògidì, èwo ni wọ́n ti fọwọ́ kàn? Ẹ béèrè ti àkọ́kọ́, ẹ tún béèrè ti èkejì. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, kí wọ́n sì ya òmíràn lábẹ́ iná UV, iná tó ń jẹ́ kí ibi àtúnṣe hàn. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ń kọ ọ́ sílẹ̀ máa ń wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọ ọ́. Ẹ tọ́jú ìdáhùn náà.

Ní ti owó, ẹ má gbàgbé èyí tí ilé gbàǹjo máa bù lé iye tí òòlù bá kàn, ìyẹn iye ìkẹyìn tí onígbàǹjo fi òòlù lu tábìlì lé. Bó bá jẹ́ 28 nínú ọgọ́rùn-ún, €1,000 ti di €1,280 nìyẹn. Ẹ ti pinnu iye tí ẹ ò ní kọjá látilé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, ara máa ń gbóná.

Alátùúnṣe Antwerp
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Màmá, iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun ni kí n máa tún ohun amọ̀ àtijọ́ ṣe, torí náà mo mọ ibi tí àwa alátùúnṣe máa ń fi nǹkan pa mọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí iná wá, torí ibẹ̀ ni gbogbo àbùkù ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun Delft kì í ṣe tánńganran. Amọ̀ tó ní ẹfun nínú ni. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe màlúù, wọ́n á tẹ amọ̀ sínú mọ́ọ̀dù méjì, apá ọ̀tún àti apá òsì, wọ́n á pa wọ́n pọ̀, inú rẹ̀ á sì ṣófo. Àwọn ohun tó yọ síta bí ìwo àti etí, wọ́n sábà máa ń lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn lẹ́yìn náà. Wọ́n á sun ún lẹ́ẹ̀kan, ní nǹkan bíi 1,000°C. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á rì í bọ omi funfun tó ní òjé àti tin nínú, èyí tí òyìnbó ń pè ní glaze. Omi náà á gbẹ mọ́ ọn lára bí ìyẹ̀fun. Orí ìyẹ̀fun yẹn ni ayàwòrán máa ń ya òdòdó sí. Kò láǹfààní láti nù ún kó tún un yà, torí bí búrọ́ọ̀ṣì bá ti kàn án ló ti mu ọ̀dà. Wọ́n á wá sun ún lẹ́ẹ̀kejì. Bí ó bá gba góòlù tàbí irú pupa kan tí iná ńlá máa ń jó dànù, wọ́n á tún sun ún nínú iná kẹta tó rọ̀ ju ti ìṣáájú lọ.

Ẹ wá wò ó: inú rẹ̀ rọ̀ bíi bisikíìtì, ẹ̀yìn rẹ̀ le bíi gíláàsì. Níbi tí igun bá ti mú, èèpo náà kì í dì mọ́ ọn dáadáa. Bíbó létí lára ohun Delft dà bí ewú lórí àgbà. Kò lè bà mí lẹ́rù. Màlúù ọdún 1770 tí ìwo rẹ̀ mọ́ roro, tí kò sí ibi kankan tó ha lára rẹ̀, òun ni mo máa ń fura sí. Ó lé ní 250 ọdún tí wọ́n ti ń gbé e sókè gbé e sílẹ̀, tí wọ́n ń nu eruku ara rẹ̀, tí wọ́n ń fi ṣílé. Báwo ni ìwo tó tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe wá yè é?

Ohun tí ẹ máa mú dání kò pọ̀: tọ́ọ̀ṣì kékeré, awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, àti tọ́ọ̀ṣì UV. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ fi ọwọ́ kan gbá ìdí rẹ̀, kí ọwọ́ kejì di ara rẹ̀ mú, ẹ má fi orí tàbí ìwo gbé e láéláé. Lórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí ni kí ẹ ti gbé e, kì í ṣe lókè ilẹ̀ lásán.

Ẹ di ojú, kí ẹ fi orí ìka rìn láti ẹ̀yìn màlúù lọ sí ọrùn, láti ọrùn lọ sí ìwo. Èèpo tí iná sun máa ń tutù, ó sì máa ń yọ̀ lábẹ́ ìka. Ọ̀dà alátùúnṣe kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń di ìka mú díẹ̀. Bí ìka yín bá kọjá láti ibì kan bọ́ sí èkejì, ẹ̀ ń wọnú àtúnṣe nìyẹn, kódà bí ojú ò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí iná fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lára rẹ̀. Ara Delft tòótọ́ máa ń ní ihò wẹ́wẹ́ bí èèpo ọsàn. Níbi tí ara bá ti dọ́gba jù, tí ihò wẹ́wẹ́ dédé dópin, ẹ dúró síbẹ̀. Alátùúnṣe tó fẹ́ kí iṣẹ́ òun má hàn kì í kun ojú ẹgbò nìkan, ó máa ń fọ́n ọ̀dà kọjá rẹ̀. Mo ti rí i níbi tí ojú ibi tó ṣẹ́ kò ju ìbú ìka lọ, tí ọ̀dà sì bo ìdajì itan.

Lábẹ́ iná UV, ibi àtúnṣe sábà máa ń tàn yàtọ̀, bíi funfun wàrà tàbí bíi ìyeyè. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé iná yìí nìkan, torí àwọn ọ̀dà kan wà nísinsìnyí tí kì í fara hàn lábẹ́ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan máa ń fi eyín kàn án wẹ́lẹ́: èèpo gidi á dún kín-ín, ọ̀dà ò ní dún. Ẹ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ní ti acetone, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ẹ má mú un wọ ibẹ̀ rárá. Ọjà náà kì í ṣe tiyín, àwọn iṣẹ́ Delft kan sì wà tí wọ́n fi ọ̀dà kùn láìsun láti ìbẹ̀rẹ̀. Acetone ò mọ ọ̀dà àtijọ́ yàtọ̀ sí ti àná.

Paríparí ẹ̀, ẹ yí abẹ́ rẹ̀ sókè. Bí ihò bá wà níbẹ̀, ẹ tan iná wọ inú. Gọ́ọ̀mù máa ń pọ́n bí oyin tó bá ti pẹ́. POP funfun balau nínú màlúù tí amọ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyẹ̀fun àgbàdo kò ṣeé pa mọ́.

Oníbàárà kan gbé ẹṣin Delft kan wá sọ́dọ̀ mi nígbà kan. Ó ní ibi tó bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí nìkan lòun fẹ́ kí n bá òun wò. Ẹṣin náà lẹ́wà gan-an, orí rẹ̀ gbé sókè, gọ̀gọ̀ rẹ̀ aláwọ̀ búlúù. A pa iná yàrá, mo tan UV, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn láti orúnkún dé pátákò. Kò sí ẹsẹ̀ ògidì kan lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Owó ẹṣin tó pé ló san.

Ọmọ Amọ̀kòkò Ìlọrin
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòkò ni ìyá mi ń mọ, Ìlọrin ni a wà. Oníbàárà kì í ra ìkòkò lọ́wọ́ wọn láìfi ìka kàn án kó gbọ́ ohùn rẹ̀: bí ó bá dún gbọnrangandan ó pé, bí ohùn rẹ̀ bá di, ó ti sán. Ṣé ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún màlúù yìí ni?

Alátùúnṣe Antwerp
Ìbéèrè gidi ni, àbúrò. Fún àwo pẹrẹsẹ tàbí ìkòkò ẹlẹ́nu gbígbòòrò, ó ń ṣiṣẹ́, mo sì ń ṣe é lójoojúmọ́. Màlúù yìí ní ara tó dé pa, ìdí rẹ̀ nípọn, ẹsẹ̀ dì í mú níbi mẹ́rin. Ohùn rẹ̀ máa di bó tilẹ̀ pé. Ẹ kí Màmá fún mi.

Ará Delft
Àárín ìlú Delft ni mò ń gbé, kò jìnnà sí Markt, gbàgede ọjà ìlú. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àmì abẹ́ rẹ̀ kún un, torí àmì ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ju ìwo lọ.

Nígbà tí Antwerp ṣubú sọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì lọ́dún 1585, àwọn amọ̀kòkò wà lára àwọn tó kó lọ sí àríwá. Ilé-iṣẹ́ VOC, ìyẹn ilé-iṣẹ́ àwọn ará Netherlands tó ń bá Éṣíà ṣòwò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1602, ń kó tánńganran Ṣáínà wọlé. Ìgbà tó di 1644 tí ìjọba Ming tó ń ṣàkóso Ṣáínà wó, tí ogun gba ilẹ̀ náà kan, ọjà yẹn gbẹ, àwọn ará Delft sì rí àyè. Àwọn ilé ìpọntí tó ti kógbá sílé ni ọ̀pọ̀ wọn gbà, orúkọ ilé ìpọntí náà ni wọ́n sì ń jẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ilé amọ̀kòkò fi ń jẹ́ Àáké (De Porceleyne Bijl), Ìràwọ̀ Funfun (De Witte Ster), Agogo Mẹ́ta (De Drie Klokken). Lọ́dún 1764, ìgbìmọ̀ ìlú ní kí kálukú wá forúkọ àmì rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí àáké kékeré tí wọ́n fi búlúù yà sábẹ́ màlúù yìí, ti De Porceleyne Bijl nìyẹn, ó sì bá àsìkò tí wọ́n pè é mu. Bí kò bá sí àmì rárá, ẹ má jẹ́ kó dá yín dúró. Ọ̀pọ̀ ère Delft ni kò ní.

Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni AK. Adrianus Kocx ló ni ín, òun ló ni ilé De Grieksche A láti 1686 sí 1701, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ọbabìnrin Mary Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba ìkòkò òdòdó. Nítorí iyì yẹn, ọ̀rúndún 19 kún fún àwọn tó ń kọ AK sábẹ́ ohun tí Kocx ò fojú rí. Màlúù aláràbarà ọdún 1770 tó ń jẹ́ AK, irọ́ ló ń pa. Bí ẹ bá sì rí ọ̀rọ̀ náà "Delft" pẹ̀lú àmì ìgò àti JT, ti De Porceleyne Fles ni, lẹ́yìn tí Joost Thooft ra ilé-iṣẹ́ náà ní 1876. Iṣẹ́ dáadáa ni, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ẹ ń wá. Ní ilẹ̀ Faransé náà wọ́n ṣe àfarawé rẹ̀ púpọ̀.

Màmá, ẹ tún wò ó bóyá tọkọtaya tòótọ́ ni wọ́n. Méjì tí wọ́n bí pọ̀ sábà máa ń kọjú síra, ọ̀kan wo ọ̀tún, èkejì wo òsì. Ẹ fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ṣé àwọ̀ ewé ìdí wọn dọ́gba? Ṣé ọwọ́ kan náà ló ya òdòdó wọn? Wọ́n sábà máa ń so òdòdó yìí mọ́ àwọn ẹgbẹ́ alápatà, tí wọ́n máa ń fi òdòdó ṣe màlúù tó sanra lọ́ṣọ̀ọ́, tí wọ́n á sì fà á yí ìlú ká kí wọ́n tó pa á. Inú mi máa ń dùn sí i pé iṣẹ́ ọwọ́ olówó iyebíye bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ọdún àwọn alápatà.

Bí ẹ bá ráyè lọ́la, ẹ lọ sí ilé àkójọ ohun àtijọ́, Rijksmuseum ní Amsterdam tàbí Kunstmuseum ní Den Haag, kí ẹ dúró níwájú ohun Delft níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ẹ wo bí etí wọn ṣe bó. Ojú yín á ti mọ òótọ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Peckham
Ẹ máa bínú o, èrò tèmi yàtọ̀. Ohun tí wọ́n bá ti tún ṣe, èmi kì í rà á, bó ti wù kó kéré mọ. Bí ẹ bá fẹ́ tà á lọ́la, ẹni tó fẹ́ rà á máa fi àtúnṣe yẹn gé owó yín sí méjì. Màlúù kan tó pé sàn ju mẹ́wàá tó ní gọ́ọ̀mù nínú. Ẹ mú sùúrù, kí ẹ tọ́jú owó yín.

Bàbá Gbàǹjo
Àbúrò mi, mo gbọ́, ṣùgbọ́n màlúù Delft tó pé pérépéré, tí ìwo rẹ̀ ò ṣẹ́ rí, owó nọ́ọ̀sì kọ́ ni wọ́n fi ń rà á. Màmá Almere fẹ́ gbé ohun tó fẹ́ràn sínú ilé. Àtúnṣe tí a mọ̀, tí a sì fi dín owó rẹ̀ kù, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tí a ò mọ̀ ni wàhálà.

Ẹ̀gbọ́n Peckham
Mo gbà pé ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀ jù mí lọ, Bàbá. Síbẹ̀ èmi ò ní rà á.

Àbúrò Leuven
Kí n sọ tèmi fún anfààní ẹlòmíràn, ó tilẹ̀ ń dùn mí títí di òní. Àwo Delft kan tí mo rà ní ìlà sísán tó ti dúdú. Mo rì í sínú omi pẹ̀lú bílíìṣì mọ́jú. Ó funfun nini. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nǹkan funfun bí iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rú jáde létí ìlà náà, èèpo sì ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Mo fọwọ́ ara mi ba ohun tó ti wà fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún jẹ́.

Alátùúnṣe Antwerp
Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò. Iyọ̀ ni lóòótọ́. Amọ̀ yẹn ń mu omi bíi kànìnkànìn níbikíbi tí èèpo bá ti sán. Bílíìṣì wọ inú rẹ̀, omi gbẹ, iyọ̀ ṣẹ́kù, ó ń wú, ó sì ń ti èèpo síta. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí, iyọ̀ náà ṣì ṣeé fà jáde díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú omi tí kò ní nǹkan kan nínú. Fún gbogbo wa: búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fún eruku, òwú tí a fi omi díẹ̀ tu lára fún ìdọ̀tí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kì í rì í sómi. A kì í gbé e sínú ẹ̀rọ ìfọwo.

Màmá Almere
Mo ti lọ, mo ti dé. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí mo ṣe rí i.

Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ò dí mi lọ́wọ́, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì fún mi. Mo di ojú bí Alátùúnṣe ṣe wí. Màlúù àkọ́kọ́ tutù láti ẹ̀yìn dé ọrùn, dé etí. Ní ìlàjì ìwo ọ̀tún, ìka mi dúró fúnra rẹ̀. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Ṣóńṣó ìwo ọ̀tún nìkan ni wọ́n tún ṣe lára ìyẹn, ìwo òsì jẹ́ ògidì, ó tilẹ̀ bó lórí, amọ̀ inú rẹ̀ hàn, ó sì ti pọ́n fún ìdọ̀tí àtijọ́. Igun ìdí rẹ̀ bó níbi mẹ́ta. Àáké búlúù wà lábẹ́ rẹ̀!

Èkejì rẹwà jù ú lọ lójú. Kò bó níbì kankan. Mo bá rántí ohun tí ẹ kọ. Lábẹ́ iná UV, ìwo méjèèjì tàn, etí òsì tàn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì tàn, ọ̀dà náà sì gun ìbàdí dé ibi tí òdòdó ti bẹ̀rẹ̀. Kò ní àmì. Àwọ̀ ewé ìdí rẹ̀ sú ju ti àkọ́kọ́ lọ, òsì ni àwọn méjèèjì sì kọjú sí. Ará Delft, wọn kì í ṣe tọkọtaya.

Mo bá obìnrin tó ń bójú tó ẹ̀ka náà sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó wò ó fúnra rẹ̀, ó dúpẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti ṣàtúnkọ ìròyìn ọjà náà sórí ìkànnì wọn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti wà nínú rẹ̀.

Báyìí, èló ni kí n dá lé e?

Bàbá Gbàǹjo
Ẹ káre, ìyá! Ẹ ka owó màlúù aláàáké yẹn nìkan, kí ẹ fi díẹ̀ lé e fún èkejì. Èmi ò ní kọjá €600 lórí òòlù. Àtúnkọ tí wọ́n ṣe yẹn máa lé àwọn kan sá.

Ẹ̀gbọ́n Peckham
Bí wọ́n bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, èmi náà á bá yín ra èyí tó ní àáké. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Màmá Almere
Òòlù kàn án ní €520. Pẹ̀lú 28 nínú ọgọ́rùn-ún, mo san €665.60. Èmi àti ẹnì kan lórí fóònù la jọ dá a títí dé €500, ó bá dákẹ́. Mo gbé wọn délé nínú àpótí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú tirẹ̀, mo fi bébà rírọ̀ yí wọn ká láìfún ìwo, n kò sì jẹ́ kí téèpù kan kàn wọ́n lára.

Alátùúnṣe, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ọ̀dà tí wọ́n fọ́n sí ìbàdí èkejì yẹn, ṣé ẹ lè bá mi ká a kúrò? Mo fẹ́ rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Alátùúnṣe Antwerp
Ó ṣeé ṣe, Màmá. Màá fi òwú dán ibi kékeré kan wò ní abẹ́ ikùn kí n tó fọwọ́ kan ìbàdí. Mo rò pé èèpo gidi wà lábẹ́ ọ̀dà náà, bóyá òdòdó mélòó kan pàápàá. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí ẹsẹ̀ ti ṣẹ́ máa yọ síta gbangba, ìlà méjì tó nípọn, àwọ̀ gọ́ọ̀mù. Mo lè tún un lẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tó ṣeé tú lọ́jọ́ iwájú, kí n fi àwọ̀ díẹ̀ sójú ìlà náà nìkan. Kò ní rẹwà bó ṣe rí báyìí o.

Màmá Almere
Ẹ jẹ́ kí ìlà náà hàn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni mo máa wọ ọkọ̀ ojú irin wá, orí ẹsẹ̀ mi ni màá gbé àpótí náà lé títí dé Antwerp.